Èdè Ta Ni Ìyá Yìí Yóò Fi Sunkún?

Olóòtú ìwé ọdọọdún wa ni ó ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ nípa iṣẹ́ òǹkọ̀wé, àti ohun tí ojú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ń rí. Ohun tí ojú wa ń rí kò kéré. Bí mo bá ní kí n kà á lẹ́sẹẹsẹ, ìwé yìí kò ní gbà á. Ìyẹn ni mo ṣe mú ẹyọ kan péré, èyí tí ó ti ń dà mí láàmú láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Àwọn yòókù, n óò kàn fọwọ́ bà wọ́n kọjá ni.

Ìtàn kúkúrú kan ni mo ń kọ. Obìnrin méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ ni ọ̀kan, ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni èkejì. Wọ́n jọ ń ta aṣọ lábẹ́ àtíbàbà kan náà, wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, kí ìjà ọdún 1997 tó dé tí ó pín wọn níyà. Ọkàn ni mo fi dá àwọn obìnrin náà; kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá wọn lọ sí Odò-Ògbè. Ṣùgbọ́n ìjà tí ó wọ àárín wọn kì í ṣe àròsọ. Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí àwọn ará ibẹ̀ ń sá bọ̀ ní ìhà gúúsù, ni a tẹ Modákẹ́kẹ́ dó sí ẹ̀gbẹ́ Ifẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, tí wọ́n ń dáko, tí wọ́n ń náwó ìsìnkú ara wọn, tí wọ́n sì ń jà. Wọ́n jà ní 1981, wọ́n jà ní 1983, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1997 kò sì rọlẹ̀ títí di 2000. A kò tí ì bí púpọ̀ nínú àwa tí à ń kàwé níhìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ti gbé ní ìgboro Ifẹ̀ fún ọdún kan tí kò ní gbọ́ nípa rẹ̀. N kò wá dá ẹjọ́ o. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, kí ó wá ọ̀dọ̀ àwọn òpìtàn lọ.

Ìṣòro tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ojú ìwé kejì, nígbà tí àwọn obìnrin náà la ẹnu. Irú èdè wo ni kí n fi sí wọn lẹ́nu?

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ìwọ náà! Yorùbá kọ́ ni?" Yorùbá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ ojú abẹ níkòó. Yorùbá tí à ń kọ sínú ìwé kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Àjàyí Crowther, tí ó ṣe aṣáájú àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, ọmọ Òṣogùn ni, èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì fi ṣe òpómúléró iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1875 wọ́n pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà sílẹ̀. Ní 1884, odidi Bíbélì jáde. Lóòótọ́, èdè inú ìwé yìí ti kó nǹkan mọ́ra láti ibi púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì ti di ti gbogbo wa. Ṣùgbọ́n egungun rẹ̀, Ọ̀yọ́ ni. Ifẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀dá-Èdè mọ̀ pé àwọn onímọ̀ kó ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì, wọ́n yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ti Ọ̀yọ́.

Bí mo bá wá fi Yorùbá àjùmọ̀lò sí ẹnu obìnrin Ifẹ̀, ṣé ẹ rí i, mo ti gba ahọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ti fi èyí tí ó sún mọ́ ti aládùúgbò rẹ̀ dípò. Nínú ìtàn mìíràn ìyẹn lè má jẹ́ nǹkan kan. Nínú ìtàn tí ó dá lórí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ó dàbí ẹni pé òǹkọ̀wé ti wà lẹ́yìn ẹnì kan kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni èmi fúnra mi, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Nílé wa, ulé ni à ń pe ilé, ugi ni à ń pe igi, ugbá ni à ń pe igbá. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni pátákó ìkọ̀wé kọ́ mi pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tí ó ń fi u bẹ̀rẹ̀. Mo gbà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ọ̀kan fún ìyá mi, tí mo sì ń kọ èkejì fún olùkọ́, àwọn méjèèjì kò sì pàdé rí nínú ìwé mi. Mo rò pé púpọ̀ nínú yín, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì, ọmọ Oǹdó, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Kí a tó kọ gbólóhùn kan, a ti kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ ná. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Ọ̀yọ́ wá kò ní irú ẹrù yìí lórí. Ẹ wo àwọn orúkọ tí ó wà lórí ìwé tí à ń kà: Adébáyọ̀ Fálétí, ọmọ Ọ̀yọ́, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn. N kò jowú wọn o. Ẹ̀bùn wọn tóbi ju ìlú tí a bí wọn sí lọ. Mo kàn ní ọ̀nà tí wọ́n tọ̀ dé ibẹ̀ fi ibùsọ̀ kan kúrú ju tiwa lọ.

Fágúnwà ni ó yẹ kí a bi. Ọmọ Òkè-Ìgbó ni, kò sì jìnnà sí Ifẹ̀ níhìn-ín. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1938, kò sí èdè Òkè-Ìgbó nínú rẹ̀. Èdè àwọn oníwàásù àti ti ilé ẹ̀kọ́ ni ó lò, ó sì lò ó débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Fágúnwà kò ní irú ìṣòro tèmi. Ọdẹ, iwin àti ẹbọra ni ó ń kọ ìtàn wọn. Ta ni yóò sọ pé ẹbọra kan kò sọ̀rọ̀ bí ará ìlú rẹ̀?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tí mo ní, nítorí láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá tú jáde. Ohunkóhun tí mo bá kọ, mo máa ń kà á sókè sí etí ẹni tí kò mọ̀wé. Ojú máa ń dárí ji ni, etí kì í dárí jì. Màmá onílé wa ní Lágere ni mo máa ń kà á fún. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì máa ń ṣa ẹ̀wà nírọ̀lẹ́. Bí mo bá ń kàwé, ọwọ́ wọn ni mo máa ń wò, n kì í wo ojú wọn. Nítorí ojú àgbà lè ṣe ẹ̀tàn láti má ba ọmọ nínú jẹ́. Bí ọwọ́ bá dúró lórí àtẹ, gbólóhùn náà dára. Bí ọwọ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára, mo mọ̀ pé ó ti sú wọn, n óò fi báírò fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Òwe ni ó máa ń jẹ́ kí ọwọ́ yára jù. A ti kọ́ wa pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, àwa òǹkọ̀wé kékeré a sì máa kó ẹṣin mẹ́wàá sórí pápá kan ṣoṣo. Màmá mọ gbogbo òwe wọ̀nyí kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ìtàn ni wọ́n ń retí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ka ìtàn àwọn obìnrin méjì yìí fún wọn, Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ dúró. Inú mi dùn. Àfi bí wọ́n ṣe ní:

"Ta ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ìyá Ifẹ̀ ni, mà."

"Ìyá Ifẹ̀ kọ́. Àwa ni a máa ń sọ ọ́ báyẹn. Ọkọ mi kò sọ irú ẹ̀ rí títí ọlọ́jọ́ fi dé."

Ó yẹ kí n ti sọ fún yín pé Modákẹ́kẹ́ ni a bí màmá sí, ọmọ Ifẹ̀ ni ọkọ wọn tí ó ti di olóògbé. Ilé wọn gan-an ni ìtàn mi.

Mo padà lọ kọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jẹ́ kí obìnrin Ifẹ̀ sọ èdè Ifẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bẹ ọmọ Ifẹ̀ kan tí a jọ ń gbé yàrá kí ó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó parí, mo kà á fún àwọn bíi mélòó kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́. Mo dé ibi tí iná ti ń jó, tí ìyá náà di orí mú tí ó ń ké pé, "Ulé mi o! Ulé mi o!" Ẹ̀rín ta gèè! Ilé ń jó, àwùjọ ń rẹ́rìn-ín.

N kò bá wọn jà, wọn kò sì ṣe ìkà. Ohun tí eré orí ìtàgé, rédíò àti fíìmù ti kọ́ etí wa ni. Láti ìgbà pípẹ́, bí ẹnì kan bá yọ lórí ìtàgé tí ó ń sọ Ìjẹ̀ṣà tàbí Ìjẹ̀bú tàbí Ẹ̀gbá, aláwàdà ni, tàbí ará oko, tàbí ẹni tí wọn yóò fi àrékérekè gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba inú eré a máa sọ Ọ̀yọ́, ìbáà jẹ́ ọba ibikíbi. Etí wa ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka-èdè kò tí ì ní àṣẹ láti sunkún lójú ìwé. Ìyẹn ni ó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nítorí ìyá tèmi, Ìjẹ̀ṣà ni ó fi ń sunkún.

Mo gbé e tọ olùkọ́ kan lọ. Ó ní kí n fi ẹ̀ka-èdè sílẹ̀. Ó ní ìwé ni yóò gbé ìtàn mi dé Ìkòròdú, yóò gbé e dé Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, àti pé ẹni tí ó bá kọ ọ́ ní Ifẹ̀, Ifẹ̀ ni yóò ti kà á. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí n má gbà. Ó ní bí a bá ń sá fún ẹ̀rín, títí ayé ni wọn yóò máa rẹ́rìn-ín. Òun náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í bóyá òun lè ka ojú ìwé mẹ́wàá èdè ìlú tirẹ̀ láìdúró, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹni tí a kọ́ ní bí a ti ń ka èdè ìyá rẹ̀ nínú wa, àfi tí ó bá jẹ́ pé èdè ìyá rẹ̀ ni ti inú ìwé. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn pàápàá, kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Púpọ̀ nínú àwọn ará Ìbàdàn ni ó ń pe ṣ bí s. Ta ni ó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Màmá náà ni ó tún là mí lójú sí ohun mìíràn. Mo bi wọ́n pé ní ìgbà ìjà náà, irú èdè wo ni wọ́n ń sọ bí wọ́n bá jáde nílé. Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ n kò tí ì ka nǹkan kan.

"N kì í sọ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Bí mo bá dé ibi tí n kò ti mọ èèyàn, ọwọ́ ni mo máa fi ń tọ́ka sí ohun tí mo fẹ́ rà. Bí mo bá la ẹnu, ẹnu mi á sọ ibi tí wọ́n bí mi sí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì yóò rántí àwọn ará Éfúráímù létí odò Jọ́dánì, nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí kejìlá: ẹni tí kò bá lè pe ṣ, tí s jáde lẹ́nu rẹ̀, wọn a pa á. Ìtàn àtijọ́ ni mo máa ń ka èyí sí. Màmá onílé mi ti ra iyọ̀ pẹ̀lú ìka ní ìgboro Ifẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀ka-èdè kì í ṣe iyùn tí òǹkọ̀wé fi ń ṣe ìtàn lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú ìtàn mi, ó jẹ́ ohun tí ó lè fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu. Mo tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe. Mo jẹ́ kí èdè Ifẹ̀ wà níbi ìkíni, níbi orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn, àti níbi igbe. Ibi tí obìnrin méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ gígùn, mo fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gé gbólóhùn wọn kúrú, mo sì jẹ́ kí àwọn òǹkàwé ti rí i ní ojú ìwé àkọ́kọ́ pé oníkálukú ń sọ tirẹ̀, ẹnìkejì sì ń gbọ́ ọ. Mo mú ilé tí ń jó kúrò ní ibi tí ó wà, mo gbé e sẹ́yìn. Kí òǹkàwé tó dé ibẹ̀, yóò ti gbọ́ "ulé" lẹ́ẹ̀mẹfà níbi ayọ̀: ulé tí wọ́n kọ́, ulé tí wọ́n ṣí, ulé tí ìyàwó tuntun wọ̀. Mo tún un kà fún àwọn tí ó rẹ́rìn-ín níjọ́sí. Ẹni méjì ṣì rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn so mọ́ èyí. N kò ní pa ìtàn ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ fún yín. Ó ti sú yín láti ìwé mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ka Yorùbá àjùmọ̀lò láìsí àmì lè fi ìrántí rẹ̀ gbé ara rẹ̀ kọjá. Ó ti rí ọ̀rọ̀ náà rí. Ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀ṣà, kò rí i rí. Láìsí àmì, kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Mo gbé ojú ìwé mẹ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń báni tẹ̀wé. Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ti kó gbogbo àmì dànù. Ó ní wọ́n ń ba ẹwà ìwé jẹ́. Mo sanwó, mo gbé ìwé mi, mo fi báírò dá gbogbo wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó lo ẹ̀rọ táìpù láyé ọjọ́un ti ń ṣe.

Kọ̀ǹpútà náà ní tirẹ̀. Nínú ètò Unicode tí gbogbo ẹ̀rọ ń lò, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. É ní nọ́ńbà, ẹ pẹ̀lú ní nọ́ńbà. Èdè àwọn ará Vietnam náà ń lo méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní àmì lórí kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ó so pọ̀. Ìdí nìyí tí àmì fi máa ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà mìíràn bí fìlà ọ̀mùtí. Ó tún jẹ́ kí ó ṣòro láti wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí a ti tẹ̀. Ẹlòmíràn fi àmì sórí ẹ, ẹlòmíràn fi ìṣó sábẹ́ é, ojú rí ọ̀kan, bí ẹ̀rọ kò bá sì gbọ́n tó, méjì ni yóò kà á sí. Mo ti gbé àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá sórí fóònù mi báyìí, ó sì ń ràn mí lọ́wọ́. Lórí fóònù ni mo ti kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, nítorí iná ìjọba àti bátìrì fóònù nìkan ni mo ní láti bẹ̀, n kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ti owó àti ti àkókò, kí ni mo fẹ́ sọ tí ẹ kò mọ̀? Olùkọ́ ni Fágúnwà nígbà tí ó kọ ìwé àkọ́kọ́. Ẹnu iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé Heinemann ni ó wà nígbà tí ó kú ní 1963. Fálétí ṣiṣẹ́ ní WNTV ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ oṣù ni ó ń bọ́ ìwé, ìwé kì í bọ́ oṣù. Ti ìdúró ni ó máa ń yà mí lẹ́nu jù. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó wá di olùkọ́ àgbà ní yunifásítì wa níhìn-ín, kọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní nǹkan bí 1961 sí 1962, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn. Ọdún 1970 ni ìwé náà jáde. Bí ẹ bá ń bínú pé olóòtú ìwé ọdọọdún wa pẹ́ láti dá yín lóhùn, ẹ ka ọdún yẹn lórí ìka yín.

Ìtàn mi ti di ojú ìwé mọ́kànlá. Màmá ní kí n yí orúkọ obìnrin Modákẹ́kẹ́ náà padà, nítorí ó jọ ti ẹnì kan tí wọ́n mọ̀. Mo ti yí i. Wọ́n tún ní aṣọ tí mo ní wọ́n ń tà kò tíì dé ọjà ní ọdún náà. Mo ti fi àǹkárá rọ́pò rẹ̀. Ó ku gbólóhùn kan. Ní ọdún 2001, àwọn méjèèjì pàdé lẹ́bàá ọ̀nà Sábó lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, obìnrin Ifẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ti kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́rin, méjì ní Ifẹ̀, méjì ní Yorùbá inú ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ó kọjá ni mo ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Màmá ní kí n tún ìkẹta kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, àwọn yóò lọ bi àbúrò ọkọ wọn ní Ẹnuwá bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé wọn yóò ti sọ ọ́.